Ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà ní kíláàsì: àsìkò wo ló dára láti kó ẹbí lọ sí Orlando?

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní London fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru ọjọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo ni ká kó àwọn ọmọ wá sí Disney? Ẹnì kan ní Ọ́gọ́ọ̀sì ni, ẹlòmíì ní ká má dán an wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n wà ní Èkó ní Dìsẹ́ńbà ló dùn jù. Orí mi ti dàrú." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín pa mí. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè yẹn gan-an ló wọ́.

Ọ̀sẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa béèrè, kì í ṣe oṣù. Nígbà mìíràn ọjọ́ pàápàá. Oòrùn àti òjò ní tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà, màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń sọ ọ̀sẹ̀ kan di dáadáa tàbí ìyà ní Orlando, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìgbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá jókòó sí kíláàsì ni kí o mú tìrẹ lọ. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, ó ní kí n ṣàlàyé, ni mo bá rí i pé àlàyé náà gùn ju ohun tí wọ́n ń fi WhatsApp sọ lọ.

Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀: àárín ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni Orlando wà. Ibẹ̀ ni Walt Disney World wà, èyí tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 1 oṣù Ọ̀któbà ọdún 1971. Ọgbà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, yàtọ̀ sí ọgbà olómi méjì. Universal, ilé iṣẹ́ ọgbà eré mìíràn, náà wà nílùú yẹn, àwọn ló ṣí ọgbà tuntun tí wọ́n pè ní Epic Universe lóṣù Méè 2025. Òyìnbó ń pè wọ́n ní páàkì, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sọ nílé pé òun ń lọ sí páàkì, ọkọ̀ Ìbàdàn ló fẹ́ wọ̀. Ọgbà eré ni mo máa pè é.

Bí ẹ bá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà eré, wákàtí bíi mélòó kan lẹ rà. Iye ohun tí àwọn ọmọ yóò gùn láàárín wákàtí yẹn, ìlà ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní ohun ìgùn kan lè gbé 1,500 èèyàn ní wákàtí kan. Bí 300 èèyàn bá wà níwájú yín, ìṣẹ́jú méjìlá lẹ ó fi dúró. Bí wọ́n bá jẹ́ 3,000, wákàtí méjì gbáko ni. Ẹ̀rọ náà kò ní sáré jù bó ṣe ń sáré lọ torí pé èrò pọ̀. Owó yín náà kò ní dín.

A jẹ ìyà yẹn rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí a lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín Kérésìmesì àti Ọdún Tuntun la mú, torí ìgbà yẹn ni ibi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ fún un láyè. N kò ní dárúkọ ọgbà náà, ẹ̀bi tiwa ni. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ohun ìgùn kan kọ 140 ìṣẹ́jú. A ní kò burú, a ti dé, a ò lè padà. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, kọ́kọ́ ń fò sókè. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ tọ̀, èmi ìyá rẹ̀ sì ní láti gbé e sáré gba àárín èrò kọjá bíi kọ́ńdọ́tọ̀ tó ń lé dánfó. Nígbà tó kù ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá ká dé iwájú, oorun ti gbé e lọ léjìká bàbá rẹ̀. Orí oorun ló ti gun nǹkan náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ohun mẹ́rin péré la gùn látàárọ̀. Ọkọ mi ṣí fóònù, ó pín gbogbo owó tí a ná sí mẹ́rin, ó wo iye tó jáde, ó sì pa fóònù náà dé láìsọ ohunkóhun.

Ẹni tó bá dàgbà nílé mọ̀ pé ọjà ní ọjọ́ rẹ̀. Bí ọjà ọrọọrún bá pé, ẹ ò ní ríbi fẹsẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ ìsọ̀. Ọgbà eré náà ní ọjọ́ ọjà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ọjà ná là ń wá nílé, ọjọ́ tí ọjà kò ná là ń wá ní Orlando.

Ta ló wá ń dá ọjọ́ ọjà yẹn? Kàlẹ́ńdà ilé ìwé ni, ibẹ̀ ló sì ti ń rú àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀ lójú, torí wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ní kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo. Kò ní. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀. Ní Georgia níbí tí mo ń gbé, àwọn ọmọ sábà máa ń wọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Florida fúnra rẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù náà lọ. Ṣùgbọ́n ní New York, ó di ìgbà tí Labor Day bá ti dé tàbí kọjá, ìyẹn Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Sẹ̀tẹ́ńbà. Nítorí náà, bí Ọ́gọ́ọ̀sì ṣe ń lọ ni èrò ń fà ní Orlando, bí omi tó ń fà nínú kòtò lẹ́yìn òjò. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára. Bí Labor Day bá fi lè kọjá, gbogbo ibẹ̀ á dá wàì.

Ẹni tó ní Ọ́gọ́ọ̀sì dára, ìdajì kejì oṣù ló mọ̀. Ẹni tó ní ká má dán an wò, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló débẹ̀, tàbí ooru ló rántí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi tó gbóríyìn fún Dìsẹ́ńbà ńkọ́? Mo bi wọ́n. Ọjọ́ 3 oṣù Dìsẹ́ńbà ni wọ́n wọ ọgbà. Ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín tiwọn àti tiwa, òun ni wọ́n ń pè ní oṣù kan náà.

Àṣírí kan wà nínú Dìsẹ́ńbà tiwọn yẹn tó yẹ kéèyàn dì mú. Thanksgiving, ìsinmi ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù Nòfẹ́ńbà, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì kún dẹ́nu. Lẹ́yìn tó bá kọjá, gbogbo Amẹ́ríkà á padà sílé ìwé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí Kérésìmesì tó dé. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, iná Kérésìmesì ti tàn káàkiri ọgbà, igi ọdún ti dúró, atẹ́gùn tutù díẹ̀, èrò kò sì tíì dé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún láìjìyà ọdún, kó wá nígbà yẹn. Láti bí ọjọ́ 20 oṣù Dìsẹ́ńbà títí di ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sílé yín kí ẹ din àdíndùn.

Àsìkò tí èmi fẹ́ràn jù ni ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde títí dé àárín Méè. Ojú ọjọ́ gbóná níwọ̀n, òjò ńlá kò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti padà sẹ́nu ìwé, wọ́n ń múra ìdánwò. Ẹ ṣáà máa wo ọjọ́ Àjíǹde kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ó ń rìn: ọjọ́ 5 oṣù Épírílì ni lọ́dún 2026, ọjọ́ 28 oṣù Máàsì ni lọ́dún 2027, ọjọ́ 16 oṣù Épírílì ni lọ́dún 2028. Ọ̀sẹ̀ tó dá lọ́dún kan lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kún jù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí Àjíǹde tó dé, láti bí àárín Máàsì, ìsinmi tí wọ́n ń pè ní spring break ló gba ìlú kan. Agbègbè kan á wọlé, òmíràn á jáde, èrò kò ní dáwọ́ dúró.

Jánúárì náà dára, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó gbà wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì kún fún àwọn tó ń lo ìyókù ọdún lọ. Mọ́ńdè kẹta jẹ́ ìsinmi ìrántí Martin Luther King, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin tó yí i ká a máa kún. Àárín àwọn méjèèjì àti ẹ̀yìn rẹ̀ títí wọ Fẹ́búárì ló dá. Àmọ́ ẹ ó bá àwọn ọmọ Brazil níbẹ̀, torí ìsinmi gígùn tiwọn ni Jánúárì jẹ́. Ẹ ó mọ̀ wọ́n: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ́ tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, ẹnì kan ń gbé àsíá níwájú, gbogbo wọn ń kọrin. Ìlú tí wọ́n ti sọ àkàrà wa di acarajé, ẹ má retí kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún ń wá ní Júláì.

Òtútù Jánúárì kò tó ti London, ṣùgbọ́n ó lè tan èèyàn. Ọ̀sán a máa tó bíi 22°C, òwúrọ̀ a sì já wálẹ̀ sí bíi 10°C, ọjọ́ mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ìyá kan tó wọ ọmọ rẹ̀ ní ṣòkòtò péńpé láago mẹ́jọ àárọ̀ torí pé Florida ni, tí ọmọ ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ilé ìtajà inú ọgbà ló ra súwẹ́tà sí, ẹ ò fẹ́ mọ iye tó rà á. Bí òtútù bá mú gan-an, wọ́n lè ti ọgbà olómi pa, nítorí náà kí ẹni tó jẹ́ pé omi ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá yẹra fún oṣù náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni àṣírí tó rọrùn jù pamọ́ sí. Láti Ọ̀któbà 2018 ni Disney ti ń fi ọjọ́ dá iye tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2025, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan fún àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ láti $119, ó sì lọ dé $199 ní Magic Kingdom lọ́jọ́ tí ó gbówó lórí jù, láìtíì ka owó orí. Ìyàtọ̀ $80 ni lórí ẹnì kan. Fún àgbàlagbà mẹ́rin, $320 ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ má wo owó náà bí owó nìkan. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló mọ iye èrò tó ń bọ̀; ọjọ́ tó bá rí i pé èrò á pọ̀ ló máa ń gbé owó lé. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà iye owó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí owó ti wálẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ ọjọ́ tí ọjà kò ná síbẹ̀ fún yín.

Owó àtirékọjá ìlà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Disney ń fún èèyàn láyè láti gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá. Láti 2021 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí à ń rà, ó ti yí orúkọ padà, Lightning Lane ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọjọ́ tí ọgbà kún, ó wọ́n. Ọjọ́ tí ọgbà dá, ó rọjú, ẹ sì lè má nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tó lọ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ sanwó lẹ́ẹ̀mejì: ó san tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n, ó tún san owó kó má baà jìyà ohun tó ra.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ń ṣìnà nìyí: owó bàálù kò bá owó ọgbà rìn. Kàlẹ́ńdà ilé ìwé tiyín ló ń sọ owó bàálù di ọ̀wọ́n, torí gbogbo òbí London ló fẹ́ fò lọ́sẹ̀ kan náà. Kàlẹ́ńdà ilé ìwé Amẹ́ríkà ló ń sọ ìlà di gígùn. Méjì ni wọ́n. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé bàálù wọ́n bí ojú, kí ọgbà sì dá. Ó lè jẹ́ òdìkejì. Bí ẹ bá ti gbọ́ tí ẹnì kan ní àsìkò kan "wọ́n", ẹ bi í pé èwo ló wọ́n.

Pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká wo àyè tí àwọn òbí England ní. Ìsinmi àárín táàmù ti Fẹ́búárì kọlu Presidents' Day, ìyẹn Mọ́ńdè kẹta oṣù náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé New York àti Massachusetts ń ti ọ̀sẹ̀ náà pa pátápátá. Ẹ fi í sílẹ̀. Ti Àjíǹde kọlu spring break. Ti ìparí Méè ṣeé gbà; ọjọ́ Memorial Day, ìsinmi tí Amẹ́ríkà fi ń rántí àwọn sójà wọn tó kú, wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ gúúsù Amẹ́ríkà sì ti ń jáde, ṣùgbọ́n kò tíì dà bíi Júláì. Ti ìparí Ọ̀któbà, ojú ọjọ́ dára, àmọ́ Halloween, àjọ̀dún tí òyìnbó ń wọṣọ iwin, ti fa èrò wá. Kérésìmesì, mo ti sọ tèmi. Ohun tó wá kù ni ìsinmi gígùn ti ìgbà ooru, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣe àṣìṣe kan náà: bí ilé ìwé bá ti parí ní ìparí Júláì báyìí, wọ́n á gbéra, bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn. Ìgbà yẹn, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ṣì wà nílé. Ẹ ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti bí ọjọ́ 18 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì sí ìparí oṣù náà, ọmọ tiyín ṣì wà nísinmi, ọ̀pọ̀ ọmọ tiwọn ti wọlé. Kí ẹ ṣáà ti kúrò kí òpin ọ̀sẹ̀ Labor Day tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kéèyàn kúkú yọ ọmọ kúrò nílé ìwé? Láti Ọ́gọ́ọ̀sì 2024, ìtanràn fún irú rẹ̀ ní England jẹ́ £80 fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá san án láàárín ọjọ́ 21, lẹ́yìn ìyẹn ó di £160. Òbí méjì, ọmọ méjì: £320. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ lè di ti kóòtù. Mo mọ àwọn tó ń ka ìtanràn náà mọ́ owó ìrìn àjò bí ẹni ń ka owó tákísí. Èmi kò ní ṣe é, torí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í parẹ́ kíákíá, àìsàn tàbí òkú àgbà nílé sì lè mú kéèyàn nílò àyè gidi lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, òfin yẹn kò kàn yín rárá. Oṣù Méè ń dúró dè yín, ẹ má fi Ọ́gọ́ọ̀sì jẹ ara yín níyà.

Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ló wá ní ohun tí ará London kò ní. Táàmù kẹta sábà máa ń parí lápá ìparí Júláì, ilé ìwé aládàáni púpọ̀ kì í sì í wọlé títí dé bí àárín Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Labor Day, tí New York ti wọlé, tí London ti wọlé, tí Brazil wà lẹ́nu ìwé, ọmọ Èkó lè ṣì wà nílé. Ọ̀kan lára ọ̀sẹ̀ tó dá jù lọ́dún náà nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti Èkó, ìbẹ̀rẹ̀ Ọ́gọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ físà yàtọ̀ o. Òfin rẹ̀ ń yí padà, ẹ wo èyí tó wà lóde kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ta wá ni yóò sọ fún yín pé Sẹ̀tẹ́ńbà kò ní wàhálà? Ooru àti ìjì ni owó tí à ń san fún ìlà tó kúrú.

Ooru Florida lóṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ń tó 33°C, omi sì kún inú atẹ́gùn. Ẹni tó gbé Èkó rí á ní ta ni wọ́n ń fi ooru dẹ́rù bà. Òótọ́ ni, àmọ́ nílé, ta ló ń rin kìlómítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn ọ̀sán, tó tún ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ? Ẹ fọwọ́ kan bẹ́líìtì irin lára kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn láago méjì, ẹ ó yára gbọ́wọ́ kúrò. Òjò ibẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Nílé, òjò a máa sinmi díẹ̀ ní Ọ́gọ́ọ̀sì kó tó padà. Ní Florida, kò sí ìsinmi kankan láti Júùnù títí wọ Sẹ̀tẹ́ńbà. Ojú ọ̀run á mọ́ roro láàárọ̀, ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ lọ́sàn-án, nígbà tó bá máa fi di bí aago mẹ́ta, àrá ti ń sán. Florida wà lára ibi tí mànàmáná ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, bó bá sì ti ń kọ nítòsí, wọ́n á dá gbogbo ohun ìgùn ìta dúró. Kì í sábà pẹ́ kó tó dá. Nítorí náà, ẹ dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i, ẹ gun èyí tó wà níta láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ sùn bí ọ̀sán bá pọ́n, kí ẹ tún wá lálẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ bí òjò bá ti rọ̀; ẹni tó ní ẹ̀wù òjò olówó pọ́ọ́kú nínú báàgì, òun ló máa jẹ èrè wọn.

Ìjì ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì, ní àsìkò tirẹ̀: ọjọ́ 1 oṣù Júùnù sí ọjọ́ 30 oṣù Nòfẹ́ńbà, Sẹ̀tẹ́ńbà ló sì máa ń le jù. Kì í ṣe ọdọọdún ló ń kan Orlando, ìlú náà jìnnà sí etí òkun díẹ̀. Ṣùgbọ́n Disney ti àwọn ọgbà rẹ̀ pa nítorí ìjì Irma ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2017, nítorí Ian ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2022, àti nítorí Milton ní Ọ̀któbà 2024. Ọjọ́ kan sí méjì ni, àmọ́ bí ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní, ó dùn yín. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kí ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti fún ìjì náà lórúkọ, torí ìjì tó ti lórúkọ, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún àwa Mùsùlùmí, tàbí ẹni tó ní wọn nínú ẹbí, Rámádánì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2026 àti 2027, inú Fẹ́búárì ló ti bẹ̀rẹ̀. Jánúárì tí mo yìn lókè yìí náà ni yóò kàn láìpẹ́. Ààwẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àrìnwọ́dìí ọgbà eré kò bára mu, ẹ wo kàlẹ́ńdà.

Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, ọjọ́ kò dọ́gba. Sátidé ni àwọn tó ń wakọ̀ láti Georgia bíi tiwa ń dé. Láti Atlanta, bíi wákàtí méje ni. Lágbedeméjì ọ̀sẹ̀ ló sábà máa ń rọ̀. Ọgbọ́n kan tún wà fún Magic Kingdom: láti Ọ́gọ́ọ̀sì dé ìparí Ọ̀któbà, wọ́n ń ṣe àríyá Halloween láwọn alẹ́ kan, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ ti Kérésìmesì ní Nòfẹ́ńbà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà fún un, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọgbà sì ń tì fún ẹni tí kò ní in. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yẹra fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́ kò ní kàn wọ́n. Ẹ̀yin ẹ lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ gun gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gùn kó tó di aago mẹ́fà.

Kó tó di pé a kúrò lórí àsìkò, ọjọ́ orí ọmọ náà ní àsìkò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́ ló ń wọ Disney. Ẹni tó bá pé ọdún mẹ́wàá, iye àgbàlagbà ló ń san. Mo mọ ẹbí kan tó sún ìrìn àjò wọn sẹ́yìn lóṣù méjì "kí ojú ọjọ́ lè dára," ọmọ kan pé mẹ́ta, èkejì pé mẹ́wàá láàárín oṣù méjì yẹn. Gíga náà ń bẹ, ohun ìgùn kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ga tó kó tó gùn ún: Seven Dwarfs Mine Train fẹ́ 97 sẹ̀ǹtímítà, Space Mountain fẹ́ 112, TRON fẹ́ 122. Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ ti ògiri nílé, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ ò bá ṣe sùúrù ìdajì ọdún, torí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n kì í gba ẹ̀bẹ̀, omijé ọmọ tí wọ́n dá padà níbẹ̀ sì máa ń ba ìyókù ọjọ́ jẹ́.

Ọmọ méjì ni àbúrò mi ní. Àkọ́bí pé ọdún mẹ́jọ, ó ga ju 122 lọ. Èyí àbígbẹ̀yìn yóò pé mẹ́ta lọ́jọ́ 30 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún un, kò tún nílò kí n pinnu fún un: ìsinmi ilé ìwé, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti wọlé, ọjọ́ ìbí tó ń bọ̀, gbogbo wọn ń tọ́ka sí ọjọ́ mẹ́wàá kan náà. Wọ́n á gùnlẹ̀ lọ́jọ́ 19, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ 28. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló rà dípò mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ tó sanwó, ohùn mìíràn tún wọlé sórí fóònù mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an. Ó ku ẹyọ kan. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wọlé?"

Mo ní wọ́n ń jẹ́ ní Disney, bí kò bá ti sí nínú ìgò, tí kò sì ní di dandan kí wọ́n bá ọ gbé e gbóná. Kó se é kó gbẹ díẹ̀, kó sì fi ẹran ńlá sí tèmi, torí pé èmi náà ń wakọ̀ bọ̀.